Bí ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ṣe rósítà wọ́ọ̀dù láìgbé làákàyè yín fún un

Ìbéèrè kan náà ni àwọn alábòójútó wọ́ọ̀dù máa ń bi mí nípa rósítà, ìyẹn àtòjọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa ṣe é: "Wọ́n ti gbé ètò kọ̀ǹpútà dé fún wa. Ṣé kí n jẹ́ kó máa ṣe rósítà lọ ni, àbí kí n máa fi ọwọ́ ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀?" Àwọn tó fi gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ rí ìbínú àwọn nọ́ọ̀sì wọn láàárín oṣù méjì. Àwọn tó kọ̀ ọ́ pátápátá ṣì ń fi òru mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan, àṣìṣe ìṣirò sì ń yọ́ wọlé síbẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rósítà. Ọ̀kan jẹ́ ìṣirò: ta ló ti ṣe òru mélòó, ta ló yẹ kó sinmi, ọjọ́ wo ni ènìyàn kò pé. Èkejì jẹ́ làákàyè: ta ló lè dá dúró lóru, ta ni ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ gbé ìṣirò fún kọ̀ǹpútà, tọkàntọkàn. Nọ́ọ̀sì 20, ọjọ́ 28, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ wà ní àárọ̀, ọ̀sán, òru tàbí ìsinmi: iye ọ̀nà tí a lè gbà tò ó jẹ́ nọ́ńbà tó gùn tó díjíìtì 338. Orí ènìyàn kò lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé làákàyè fún un, nítorí kò ní i, ohun tí ẹ bá sì kọ sílẹ̀ fún un nìkan ló mọ̀.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Ọ̀nà kan náà ni fún dókítà àti fún tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ), mo sì ti fi ìyàtọ̀ wọn sí ìsàlẹ̀.

## Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà

- Rósítà oṣù mẹ́ta tó kọjá, bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, kì í ṣe bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni yóò sọ ibi tí ètò yín ti ń já fún yín.
- Orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, ipò wọn, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá ṣe láìsí ẹni tó ń wò ó.
- Òfin wákàtí iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yín àti àdéhùn ilé ìwòsàn yín.
- Àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lọ lífù.
- Àgbà nọ́ọ̀sì kan tí kì í bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún yín. Ẹ má rò pé mo fi èyí ṣe àfikún lásán. Ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 6.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ṣírò iye ènìyàn tí iṣẹ́ náà ń fẹ́

Ọ̀pọ̀ máa ń fo èyí, wọ́n á wá máa bínú sí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀.

1. Ẹ kọ iye nọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ fún ṣíìfù kọ̀ọ̀kan. Ká ní àárọ̀ 6, ọ̀sán 5, òru 4. Ó di 15 lójúmọ́.
2. Ẹ sọ ọ́ di ti ọ̀sẹ̀: 15 lọ́nà 7 jẹ́ ṣíìfù 105.
3. Ẹ pín in fún iye ṣíìfù tí ẹnì kan ń ṣe lọ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣíìfù wákàtí 8, tí ẹnì kan sì ń ṣe 5, ó di ènìyàn 21.
4. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo rósítà oṣù mẹ́ta yẹn, kí ẹ ka ọjọ́ iṣẹ́ tí lífù, àìsàn àti ẹ̀kọ́ gbà. Ká ní ọjọ́ kan nínú márùn-ún ni: 21 tí a pín sí 0.8 jẹ́ 26.25. Ènìyàn 27 ni ẹ nílò.

Bí ẹ bá ní 22 lórí ìwé, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè tò ó kó dára. Kọ̀ǹpútà kì í bí ènìyàn. Ohun tó máa ṣe ni pé yóò pín ìnira náà káàkiri, ẹ ó sì rò pé ó ti yanjú. Ẹ mú ìṣirò yìí tọ àwọn aláṣẹ lọ kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ tó ní nọ́ńbà nínú máa ń ṣòro láti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín gbogbo òfin sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta

Ibí ni ẹ ó ti lo àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Òfin tó wà lórí yín nìkan ni òfin tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ fọ́.

Apẹ̀rẹ̀ kìíní: èèwọ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, bó ti wù kó rí.

- Kí ẹnì kan ṣe òru, kó tún bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì.
- Kí ìsinmi láàárín ṣíìfù méjì kéré sí iye tí òfin sọ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Òfin 2003/88 sọ pé wákàtí 11 tó so pọ̀ ni, láàárín wákàtí 24 kọ̀ọ̀kan, àti pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé (ILO) gbé jáde lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1977 fẹ́ wákàtí 12. Ẹ wá ti orílẹ̀-èdè yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.
- Kí òru kan wà láìsí ó kéré tán ẹnì kan tó ti pẹ́ nínú wọ́ọ̀dù yìí gan-an.
- Kí wọ́n fi ẹni tí dókítà ti ní kó má ṣe òru sí òru.

Apẹ̀rẹ̀ kejì: ìfẹ́. Ohun tí a fẹ́, tí a sì lè yọ̀ǹda bí kò bá ṣeé ṣe.

- Kí ṣíìfù máa lọ síwájú: àárọ̀, ọ̀sán, òru, ìsinmi. Ó rọrùn fún ara láti sún oorun síwájú ju kó fà á sẹ́yìn lọ.
- Kí òru tó tẹ̀ léra má ju mẹ́ta lọ.
- Kí ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo má há sáàárín ọjọ́ ìsinmi méjì.
- Kí Àbámẹ́ta àti Àìkú jọ wà pọ̀ fún ìsinmi.
- Ohun tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ béèrè.

Ẹ fún ìfẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe burú tó láti já a. Nọ́ńbà mẹ́ta tó: 10, 5, 1. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wúwo jù, ẹ mú wọn ní méjì-méjì kí ẹ sì bi ara yín pé, "Bí mo bá ní láti já ọ̀kan, èwo ni màá já?" Ẹ pe nọ́ọ̀sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Ìdáhùn wọn yóò yà yín lẹ́nu. Mo ti rò rí pé òpin ọ̀sẹ̀ ló jẹ wọ́n lógún jù, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó há sáàárín ìsinmi méjì ni gbogbo wọn ń ráhùn sí.

Apẹ̀rẹ̀ kẹta: làákàyè. Ohun tí ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa wò. Nọ́ọ̀sì tí aláìsàn kú mọ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dáadáa lábẹ́ àgbà kan pàtó. Àwọn méjì tí aáwọ̀ wà láàárín wọn débi pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́ tán. Èyí kò gbọdọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.

> Ìkìlọ̀: Ẹ má kọ ìdí àìsàn ẹnikẹ́ni sínú tábìlì rósítà. "Kò sí òru" tó. Oyún, wárápá, oògùn tí ẹnì kan ń lò, ọ̀rọ̀ òun àti dókítà rẹ̀ ni, kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó lè ṣí fáìlì náà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn kó gbogbo nǹkan sínú èèwọ̀. Bí ohun gbogbo bá di èèwọ̀, ẹ̀rọ yóò dáhùn pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, yóò sì dákẹ́. Bí èèwọ̀ yín bá ti ń lọ sí mẹ́wàá, ẹ tún wọn wò lẹ́yọ lẹ́yọ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan irinṣẹ́ tó bá yín mu

Tábìlì lásán (Excel, Google Sheets, LibreOffice Calc). Kì í tò rósítà fún yín, àṣìṣe ló ń mú. Fún wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ju 20 lọ, mo rò pé ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí owó ètò ńlá bá wà. Ẹni tí kò tíì fi tábìlì mú àṣìṣe rí kò ní mọ ìgbà tí ètò ńlá bá ń ṣì í lọ́nà.

Ètò tó ń tò ó fúnra rẹ̀, tí kì í gba owó. OR-Tools ti Google wà lọ́fẹ̀ẹ́, àpẹẹrẹ rósítà nọ́ọ̀sì sì wà nínú ìwé ìtọ́ni rẹ̀. Ó gba ẹni tó gbọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ẹ fún un ní apẹ̀rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn lórí ìwé.

Ètò tí wọ́n ń tà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n léèrè:

- Ṣé mo lè fi ọwọ́ yí orúkọ padà lẹ́yìn tó bá tò ó tán, kó sì sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ òfin tí mo fọ́?
- Ṣé ó lè ṣàlàyé ìdí tó fi gbé ẹnì kan síbì kan?
- Ṣé mo lè ti orúkọ kan pa síbi tó wà, kó má ṣí i kúrò nígbà tó bá tún un tò?
- Ṣé mo lè kó gbogbo rósítà wa jáde bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́la?

Ẹni tó bá ṣẹ́jú sí ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ máa lọ.

ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ dá ènìyàn lóhùn. Ẹ má fi wọ́n tò rósítà. Wọ́n lè fún yín ní tábìlì tó rẹwà, tí ojú kò ní rí àléébù rẹ̀ títí ẹ ó fi ka òru ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wúlò fún kíkọ ìkéde, tàbí fún ríràn yín lọ́wọ́ láti kọ fọ́múlà tí ẹ̀yin yóò dán wò.

### Tábìlì tó ń mú àṣìṣe, bí a ṣe ń ṣe é

Lẹ́tà márùn-ún la ó lò: A fún àárọ̀, S fún ọ̀sán, R fún òru, X fún ìsinmi, L fún lífù.

1. Òpó A: orúkọ, láti ìlà 5 dé 24, fún ènìyàn 20.
2. Òpó B: ohun tí ẹni náà ṣe ní ọjọ́ tó kẹ́yìn rósítà tó kọjá. Ẹ má fo òpó yìí. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.
3. Òpó C dé AD: ọjọ́ 28 ti rósítà tuntun.
4. Iye ènìyàn àárọ̀ ọjọ́ kìíní, lábẹ́ òpó C: `=COUNTIF(C5:C24,"A")`. Ẹ ṣe bákan náà fún S àti R, kí ẹ sì fà á lọ dé AD.
5. Iye òru ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ìparí ìlà rẹ̀: `=COUNTIF(C5:AD5,"R")`.
6. Iye ìgbà tí òru bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì: `=COUNTIFS(B5:AC5,"R",C5:AD5,"A")`. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.
7. Iye ìgbà tí ọ̀sán bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì: `=COUNTIFS(B5:AC5,"S",C5:AD5,"A")`.
8. Ẹ tún ṣe ti òru tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì: `=COUNTIFS(B5:AC5,"R",C5:AD5,"S")`.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá gba àmì ìdánudúró díẹ̀ (,) nínú fọ́múlà, ẹ fi (;) rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo fọ́múlà keje yẹn dáadáa. Bí ọ̀sán bá parí ní aago 11 alẹ́, tí àárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, wákàtí 8 péré ló wà láàárín wọn. Ẹ yọ ìrìnàjò lọ-bọ̀, ẹ yọ wíwẹ̀ àti jíjẹun: oorun wákàtí mélòó ló kù? Lójú ènìyàn, "ọ̀sán lónìí, àárọ̀ lọ́la" dà bí ohun tí kò burú. Tábìlì kì í gbójú fò ó.

Nítorí òpó B ni fọ́múlà mẹ́ta yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ láti B. Láìsí i, ẹni tó ṣe òru ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù lè bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù tuntun, kò sì sí ẹni tó máa rí i, nítorí rósítà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gba ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́

Ẹ dá ọjọ́ tí ìbéèrè máa dópin, kí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ẹ fún gbogbo ènìyàn ní iye kan náà, bíi mẹ́ta lóṣù. Ẹ gbà á sójú kan ṣoṣo, ì bá à jẹ́ fọ́ọ̀mù tàbí ìwé. Èyí tí wọ́n sọ fún yín lójú ọ̀nà kò sí níbẹ̀ o.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tò ó

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fi òṣìṣẹ́ kan tí kò sí láyé kún àtòjọ. Èmi ń pè é ní ÀLÀFO. Ẹ jẹ́ kó lè ṣe ṣíìfù èyíkéyìí, iye tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n rẹ̀ wúwo gan-an, bíi 1000, kí ẹ̀rọ má fẹ́ lò ó àyàfi bí kò bá sí ẹlòmíràn.

Àǹfààní rẹ̀ nìyí. Bí ènìyàn kò bá pé, kàkà kí ẹ̀rọ sọ pé kò ṣeé ṣe kó sì dákẹ́, yóò tò ó tán, yóò sì fi ÀLÀFO síbi tí ihò wà. Ẹ ó rí i lójú yín pé òru Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì àti àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìṣòro. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tí ẹ máa yá, tàbí lífù tí ẹ máa bẹ ẹni tó ni ín pé kó sún síwájú.

Tábìlì lásán lẹ ń lò? Ẹ fi ọwọ́ tò ó báyìí: òru kọ́kọ́, lẹ́yìn náà òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti ọ̀sán. Ohun tó ṣòro láti kún ni kí ẹ kọ́kọ́ kún.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kà á bí ènìyàn

Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, rósítà jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọ̀ ewé, àmì pé kò sí òfin tó fọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí pupa kankan. Òru Ọjọ́bọ̀ ní orúkọ mẹ́ta bó ṣe yẹ. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí òru náà dé, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára aláìsàn kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Méjì nínú àwọn mẹ́ta kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kẹta wá láti wọ́ọ̀dù mìíràn. Wọ́n mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ fíríìjì ẹ̀jẹ̀ wà lóru, tàbí ẹni tí wọ́n máa pè bí dókítà àkọ́kọ́ bá wà ní tíátà. Aláìsàn náà yè, nítorí pé àgbà nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ láti wọ́ọ̀dù kejì. Ẹ̀rọ ka mẹ́ta, mẹ́ta sì ni wọ́n. Èmi ni ó yẹ kí n bi í pé, "Mẹ́ta wo?"

Láti ọjọ́ náà, báyìí ni mo ṣe ń ka rósítà, èmi àti àgbà nọ́ọ̀sì kan, lórí ìwé tí a tẹ̀ jáde:

1. Ẹ ka òru nìkan, láti ọjọ́ kìíní dé 28. Ẹ ka orúkọ sókè. Ní òru kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè: "Bí nǹkan bá bàjẹ́ ní aago 3, ta ni nínú àwọn yìí ni yóò gba iwájú?" Bí ẹ bá ní láti ronú kí ẹ tó dáhùn, kò sí ẹni náà.
2. Ẹ ka ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ lè gbé irú oṣù yìí?
3. Ẹ wo àwọn tí kì í ráhùn. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè ohunkóhun ló máa ń gbé gbogbo èyí tó ṣẹ́kù fún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni jẹ́jẹ́ náà ni gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ máa ń já lé lórí.
4. Ẹ mú apẹ̀rẹ̀ kẹta jáde, láti orí yín, kí ẹ sì wò ó mọ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ wo ọjọ́ tó yàtọ̀: ọjọ́ ọdún, ọjọ́ tí àwọn dókítà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ pọ̀.

Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún èyí, kí ẹ má sì ṣe é lẹ́yìn òru yín. Ojú tó rẹ̀ máa ń gba àwọ̀ ewé gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ yí i padà, ẹ kọ ìdí, ẹ tún un yẹ̀ wò

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fi ọwọ́ sọ̀yà lé jù lọ nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ohun tí ẹ̀rọ ṣe padà, ẹ kọ ìlà kan:

> Ọjọ́ 11, òru. Mo mú ẹni kẹrin kúrò, mo fi ẹni kẹsàn-án sí i. Ìdí: kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìmí láàárín wọn.

> Ọjọ́ 19, àárọ̀. Mo pààrọ̀ àwọn méjì. Ìdí: apẹ̀rẹ̀ kẹta.

"Apẹ̀rẹ̀ kẹta" tó fún èyí tí kò yẹ kí ẹlòmíràn kà. Ẹ̀yin mọ ohun tó jẹ́.

Lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tún gbogbo èèwọ̀ kà. Kì í ṣe lẹ́yìn mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ ti ń ba rósítà jẹ́ nìyí: a dí ihò kan ní Ọjọ́ Ajé, a lu méjì ní Ọjọ́ Ẹtì, a kò sì mọ̀.

Bí ìyípadà yín bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rósítà lọ, ẹ dúró. Òfin kan wà tí ẹ kò tíì kọ fún ẹ̀rọ. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2, ẹ kọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó tún un tò.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e jáde

Ó yẹ kó jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé kí ló dé tí òun fi wà lóru Àbámẹ́ta, "kọ̀ǹpútà ló fi yín síbẹ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yín kí ẹ sọ òfin tó gbé e débẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìdí kankan, ẹ yí i padà.

Fún ìpààrọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ méjì: kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀rọ yẹ èèwọ̀ wò, kí ẹ̀yin wá fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Bí ipò àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ tún ka òru yẹn sókè.

## Ìgbésẹ̀ 9: Aago márùn-ún ìdájí, ẹnì kan ní ara òun kò yá

1. Ẹ wo ẹ̀rọ: ta ló wà ní ìsinmi lónìí, tí pípè é kò ní fọ́ èèwọ̀ kankan?
2. Ẹ jẹ́ kó tò wọ́n láti orí ẹni tí wọ́n ti pè níkẹyìn tó pẹ́ jù lọ.
3. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹni tí kò lè kọ̀ ló máa dáhùn nígbà gbogbo.
4. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó sùn. Ẹ gba "rárá" láìbéèrè ìdí.
5. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè wá, ẹ má fọ́ èèwọ̀ ìsinmi ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ pe aláṣẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ jọ pinnu bóyá ẹ ó yá ènìyàn láti wọ́ọ̀dù mìíràn tàbí ẹ ó dín iye aláìsàn tuntun kù. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ pè é.

## Ìgbésẹ̀ 10: Ìparí oṣù

Ẹ ka àkọsílẹ̀ ìyípadà yín. Ìdí tó bá fara hàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ti di òfin, ẹ kọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kìíní tàbí ìkejì. Ẹ ka òru àti òpin ọ̀sẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta papọ̀, nítorí oṣù kan ṣoṣo lè tan ni jẹ, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ó máa ń dín ìkùnsínú kù ju ìpàdé lọ.

## Àwọn àṣìṣe mìíràn tí mo ń bá pàdé

- Fífún ẹ̀rọ ní rósítà àtijọ́ pé kó kọ́ ọ. Bí ojúsàájú bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ́ ojúsàájú náà.
- Kíka orí láìka ìmọ̀. Mo ti sọ tèmi.
- Kí ẹnì kan ṣoṣo mọ ètò náà. Ọjọ́ tó bá lọ lífù, ẹ ó padà sí òru mẹ́ta yẹn.
- Yíyí ìwọ̀n padà lóṣooṣù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ máa mọ̀ ọ́n lára, wọn kò kàn ní mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni.

## Bó bá jẹ́ dókítà tàbí tíátà

Fún dókítà tó ń jẹ́ ìpè lóru, ẹ ka wákàtí tí wọ́n jí gan-an, kì í ṣe tí wọ́n wà lórí ìpè nìkan. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 80 lọ́sẹ̀, tí a bá pín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dọ́gba. Ẹ rí i pé pípín dọ́gba náà lè bo ọ̀sẹ̀ kan tó le koko mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fi òté ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kún un.

Fún tíátà, ẹ má fi àròpín nìkan ṣírò bí iṣẹ́ abẹ kan ṣe máa pẹ́ tó. Bí ẹ bá to iṣẹ́ márùn-ún tẹ̀ léra pẹ̀lú àròpín, èyí tó bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ yóò ti àwọn tó kù sẹ́yìn, aláìsàn tó kẹ́yìn tí kò tíì jẹun láti òru ni yóò sì gbọ́ pé kó padà wá lọ́la. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ náà àti nọ́ọ̀sì tó máa dúró tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n bá sọ yí wákàtí ẹ̀rọ padà.

## Bí ẹ̀rọ bá kú

Ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, ẹ tẹ rósítà ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ jáde. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí orí rẹ̀, kí ẹ fi í sínú fáìlì kan ní tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù gbogbo ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyípadà èyíkéyìí tó bá wáyé láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ fi báírò kọ ọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá padà, ìwé yẹn ni kí ẹ fi tún inú ẹ̀rọ ṣe.